Bó o ṣe lè fi béèsì jẹun nínú ròókì, àti ìdí tó fi yẹ kó o máa kọ orin tìẹ

Nínú ẹgbẹ́ olórin ròókì, ẹni tí wọn kì í tètè rántí orúkọ ẹ̀ ni ẹni tó ń ta béèsì, ìyẹn gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Wọ́n á rántí ẹni tó ń kọrin, wọ́n á rántí onígìtá tó ń fò sókè sódò lórí sitéèjì, wọ́n á tiẹ̀ rántí onídúrọ́ọ̀mù torí ariwo ẹ̀, àmọ́ ẹni tó dúró sí kọ̀rọ̀ tó kàn ń mi orí yẹn, ṣe ni wọ́n á máa bira wọn léèrè pé ta tiẹ̀ nìyẹn. Mo ti wà ní kọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò burú rárá, kọ̀rọ̀ yẹn dáa gan-an tó o bá mọ ohun tó o lè fi ṣe. Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé ẹni tó ń ta béèsì nìkan àti ẹni tó ń ta béèsì tó tún ń kọ orin (ìyẹn ẹni tó ń gbé orin tuntun kalẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kàn ń fẹnu kọ ọ́), iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ gba owó alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó parí. Ẹnì kejì, orin tó kọ á máa rán owó sí i níbi tí kò sí, kódà àwọn ọmọ ẹ̀ á jẹ níbẹ̀.

Wo àwọn tó ti ṣe é. John Deacon ló ń ta béèsì fún ẹgbẹ́ Queen, òun ló dákẹ́ jù nínú wọn, àmọ́ òun ló kọ "Another One Bites the Dust" tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1980. Steve Harris dá Iron Maiden sílẹ̀ lọ́dún 1975, òun ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn. Sting nínú Police, Phil Lynott nínú Thin Lizzy, Roger Waters nínú Pink Floyd, oníbéèsì ni gbogbo wọn. Paul McCartney gan-an, kì í ṣe pé béèsì ń wù ú tẹ́lẹ̀, Stuart Sutcliffe oníbéèsì ló kúrò ní ẹgbẹ́ Beatles lọ́dún 1961, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló sì bọ́ sí. Nítorí náà tó bá jẹ́ pé torí kò sẹ́lòmíì ni wọ́n ṣe gbé béèsì lé ẹ lọ́wọ́, má banú jẹ́, ibi tí ọ̀pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

(Màá máa sọ "o" fún ẹ látòkè délẹ̀ o, kì í ṣe àrífín, bóyá o tiẹ̀ jù mí lọ, bí àwa oníbéèsì ṣe máa ń bára wa sọ̀rọ̀ nìyẹn.)

Béèsì tó o máa rà

Olókùn mẹ́rin ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, E, A, D, G lorúkọ ohùn wọn, látorí èyí tó nípọn jù. Mo mọ̀ pé olókùn márùn-ún ń wù ẹ́ nítorí okùn B ìsàlẹ̀ yẹn, àmọ́ tó ò bá tíì mọ bó o ṣe máa pa mẹ́rin lẹ́nu mọ́, ìkarùn-ún kàn máa bá wọn pariwo ni. Ọdún 1951 ni Leo Fender gbé Precision Bass jáde, kó tó dìgbà yẹn béèsì onígi gàgàrà tó ga ju èèyàn lọ ni wọ́n ń gbé kiri, tí kò sí irin lọ́rùn ẹ̀ tó máa sọ fún ẹ pé ibí ni kó o tẹ̀. Irin tí wọ́n tò sọ́rùn ẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Precision, ìyẹn ohun tó ṣe rẹ́gí, torí ohùn ẹ̀ kì í yẹ̀. Títí dòní, béèsì tó bá jọ Precision tàbí Jazz Bass (tó jáde lọ́dún 1960) á ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ròókì bá bẹ̀ ẹ́. Gígùn okùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọrùn dé ibi tó ti so mọ́ ara igi jẹ́ ínǹṣì 34. Tí ìka ẹ bá kúrú, wá èyí tó jẹ́ 30, irú èyí tí McCartney gbé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò gbọ́ béèsì ẹ̀.

Tó o bá ti rà á, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kó bá ẹ yẹ ọrùn ẹ̀ wò kó sì sọ okùn ẹ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pa béèsì tì torí wọ́n rò pé ọwọ́ wọn ò le, àṣé okùn ló ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ okùn fúnra ẹ̀, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí ara ẹ̀ rí ṣákáṣáká tó ń dún gbàn-ín bí irin, àti èyí tí ara ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń dún kìtì. Onírin ni ròókì sábà máa ń lò, àmọ́ má fojú kéré onípẹrẹsẹ, James Jamerson tó ta béèsì sórí àìmọye orin Motown (ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù kan ní Amẹ́ríkà), òun ló lò, wọ́n sì sọ pé kì í pààrọ̀ wọn àfi tó bá já. Tìẹ, tó o bá ń lo onírin, pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó lọ sí sítúdíò, kì í ṣe ọjọ́ tó o máa wọlé o, ọjọ́ méjì ṣáájú, kó lè jókòó.

Ohun kan tún nìyí tí mo fẹ́ kó o mọ̀ tètè: okùn E tó ò tíì tẹ ibì kankan lára ẹ̀, nǹkan bí 41 Hz ló ń dún, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà fóònù ò lè gbé ohùn yẹn jáde rárá, ohun tó ò ń gbọ́ nínú fóònù kàn jẹ́ àwọn ohùn tó gun orí ẹ̀ ni, etí ẹ ló ń bá ẹ ro ìyókù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá ń kọ́ orin, ìbòtí (hẹdífóònù) ni kó o lò, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe jẹ́ pé tó o bá fẹ́ káwọn èèyàn gbọ́ ẹ nínú fóònù wọn, má kàn máa yí ìsàlẹ̀ sókè, fi kún àárín ohùn ẹ. Má sì ki béèsì bọ amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè) kékeré tí onígìtá ń lò kó o wá yí i dé òpin, sípíkà yẹn lè bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Béèsì máa ń jẹ agbára ju gìtá lọ fíìfíì.

Ọwọ́ ẹ

Ìka méjì tàbí píkì, ìyẹn pèlébé kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn? Ìjà yìí ti sú mi. Steve Harris ń fi ìka ta á, Jamerson ń fi ìka kan ṣoṣo ta á, Carol Kaye tó ta béèsì ní sítúdíò fún àìmọye olórin ń fi píkì ta á, Lemmy ti ẹgbẹ́ Motörhead ń fi píkì ta á bí ẹni ń ta gìtá. Kọ́ méjèèjì, kó o jẹ́ kí orin náà sọ èyí tó fẹ́ fún ẹ.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pípa okùn lẹ́nu mọ́. Tó o bá ń ta okùn A, okùn E gbọ́dọ̀ dákẹ́, D àti G náà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Àtàǹpàkò ọwọ́ tó ń ta á lè sinmi lórí okùn tó wà lókè, ìka ọwọ́ kejì a sì máa fara kan àwọn tó wà nísàlẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Nínú ilé o lè má gbọ́ ariwo wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá yí ẹ sókè nínú gbọ̀ngàn ńlá wàá gbọ́ ọ, gbogbo èèyàn á gbọ́ ọ. Ní apá ìsàlẹ̀ ọrùn béèsì tí àlàfo ti fẹ̀, má fipá na ìka mẹ́rin, ìka ìfábẹ̀lá, ti àárín, àti ọmọńdinrín ti tó, jẹ́ kí gbogbo ọwọ́ rìn. Ọrùn ọwọ́ kó gún, kó má tẹ̀ kọdọrọ. Tó bá ń dùn ẹ́, dúró. Mo ti rí ẹni tó ní "màá fara dà á" tó wá jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà, òun náà ló ń sọ fún mi.

Mẹ́trónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka ìró fún ẹ, òun ńkọ́? Gbé e sí 60, ta ohùn kan ṣoṣo lórí ìró kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó o gbà á sílẹ̀ kó o gbọ́ ọ. Ojú á tì ẹ́. Ojú ti èmi náà. Tó bá ti ń lọ, gba ìdajì ìró náà kúrò kó o máa gbọ́ ọ lórí ìró kejì àti ìkẹrin nìkan, kí o máa fúnra ẹ gbé ìkíní àti ìkẹta. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá onídúrọ́ọ̀mù. Tẹ́tí sí dúrọ́ọ̀mù ńlá tó ń fẹsẹ̀ gbá yẹn, ibi tó bá bọ́ sí ni kó o bọ́ sí, fún ọ̀sẹ̀ kan, má ṣe nǹkan míì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni kó o tó máa yàn ibi tí o ò ní bá a lọ. Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ bá gbọ́ ara yín yé, onígìtá lè ṣi nǹkan ta, orin ò ní wó.

Orin kíkọ látinú béèsì

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí nìyí. Èèyàn máa ń rò pé gìtá tàbí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń kọ orin, pé oníbéèsì á dúró kí wọ́n gbé orin wá kó tó wá nǹkan tó máa ta sábẹ́ ẹ̀. Irọ́ ni jàre. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ ló ń sọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lókè ẹ̀. Gbìyànjú èyí lónìí: ní kí onígìtá máa ta kọ́ọ̀dù C, ìyẹn ohùn mẹ́ta, C, E, G, tó ń dún pa pọ̀, kó má yí i padà o. Ìwọ ta C sábẹ́ ẹ̀, ó máa dún bí ẹni tó wà nílé ẹ̀. Wá ta A. Onígìtá ò ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ kọ́ọ̀dù náà ti di Am7, ìbànújẹ́ ti wọ inú ẹ̀. Ta E, ó dà bí ẹni tó dìde tó fẹ́ máa lọ àmọ́ tí kò tíì gbé ẹsẹ̀. Ta F, ó ti fẹ̀, ó ti dà bí ibi gbalasa. Mẹ́rin nìyẹn, látorí kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí ẹlòmíì ń ta. Ta ló ń kọ orin yẹn, àbí kí lo rò?

Bí mo ṣe sábà máa ń ṣe é: màá gba kọ́ọ̀dù méjì sínú fóònù kó máa yí po, màá fi ìbòtí sétí, màá sì máa wá ohùn abẹ́ ẹ̀ títí ọ̀kan á fi jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Nígbà míì màá máa sọ̀kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ìṣísẹ̀, A, G, F#, F, kí kọ́ọ̀dù A kékeré (Am) dúró sójú kan lókè. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ti wà látayébáyé, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà míì màá ṣe òdìkejì, ìsàlẹ̀ á dúró sórí ohùn kan gbọn-ingbọn-in kí àwọn kọ́ọ̀dù máa yí lórí ẹ̀, ìyẹn dáa fún ẹsẹ orin tó o bá fẹ́ kó kún kó tó bẹ́ sínú ègbè.

Ọ̀nà kejì ni kó o bẹ̀rẹ̀ látorí rífù, ìyẹn ohùn kúkurú tó ń yí po nínú orin. Má gbé béèsì rárá. Fẹnu dún un, dùm-dùm-dá-dùm, nígbà tó ò ń rìn lọ tàbí tó ò ń fọ abọ́, torí ìka ẹ ti ní ibi tó mọ́ ọn lára, ibẹ̀ náà ló máa ń sáré lọ, ẹnu ò mọ ibẹ̀. Èyí tó bá ṣì wà lórí ẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni kó o wá wá sórí béèsì. Kò pọn dandan kó jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin lo máa kà á, rífù tí Roger Waters kọ fún "Money" méje-méje ló ń kà, àwọn èèyàn sì ń kọ ọ́ láì mọ̀ pé méje ni. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ó ṣeé fẹnu kọ.

Sì jẹ́ kí àyè wà. Ohun tó o ò ta wà lára ohun tó o kọ. Tí onígìtá bá ti kún ìsàlẹ̀, gòkè. Peter Hook, oníbéèsì ẹgbẹ́ Joy Division, ohùn òkè béèsì ló ń ta ṣáá, ohun tó sì fà á ni pé amp ẹ̀ ò dáa, tó bá wà nísàlẹ̀ kì í gbọ́ ara ẹ̀. Ìyẹn wá di ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ kárí ayé. Amp tí kò dáa o!

Ọ̀rọ̀ inú orin wá ńkọ́? Kò pọn dandan kó o máa kọrin kó o tó lè kọ ọ̀rọ̀. Geezer Butler tó ń ta béèsì fún Black Sabbath ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí Ozzy Osbourne ń fẹnu kọ. Ní ìwé kékeré kan, kọ gbólóhùn tó o bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn síbẹ̀, kì í ṣe ewì o, gbólóhùn lásán tó ní egungun. Kọ ègbè ṣáájú, torí tó o bá ti mọ ibi tó ò ń lọ, ẹsẹ orin á kàn jẹ́ bó o ṣe máa débẹ̀. Tó bá jẹ́ Yorùbá lo fi ń kọ ọ́, o mọ̀ pé iṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́ ju ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ lọ, ohùn orin gbọ́dọ̀ bá àmì ohùn lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá ní ò ń kọrin nípa ọkọ̀, àwọn èèyàn á máa gbọ́ ọkọ́. Ka ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀, gbà á sílẹ̀, gbọ́ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀kalẹ̀, ìdajì orin ẹ ti wà níbẹ̀.

Tó o bá sì fẹ́ máa kọrin kó o tún máa ta béèsì lẹ́ẹ̀kan náà bí Sting tàbí Geddy Lee (oníbéèsì ẹgbẹ́ Rush ni, ó tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn béèsì nílẹ̀, mi ò mọ irú orí tó wà lọ́rùn ọkùnrin yẹn), kọ́ béèsì náà títí wàá fi lè ta á kó o máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí nǹkan míì. Kó o tó dé ibẹ̀, má tíì la ẹnu.

Ohun tó ṣòro jù ni píparí orin. Gbogbo wa la ní ọgọ́rùn-ún ìbẹ̀rẹ̀ nínú fóònù. Òfin tèmi ni pé mi ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tuntun àfi tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti ní ẹsẹ méjì àti ègbè, ì báà ṣe pé kò dáa. Orin tí kò dáa tó ti parí ṣeé tún ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa kàn ń jókòó síbẹ̀ ni.

Owó àti ìwé

Jọ̀ọ́ jókòó ka èyí dáadáa, torí òun ló ná mi lówó jù.

Nínú orin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, dúkìá méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni orin tí wọ́n kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀. Ìkejì ni gbígbà-sílẹ̀ náà, ìyẹn ohun tí wọ́n ṣe ní sítúdíò. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ti àkọ́kọ́, ti ìkejì sì jẹ́ ti ẹni tí ìwé àdéhùn bá sọ, ó sábà máa ń jẹ́ ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù tàbí ẹni tó sanwó sítúdíò. Owó méjèèjì ò gba ọ̀nà kan náà wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń ka ohun tí oníbéèsì fi kún orin sí ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ṣe orin náà lẹ́wà, wọn ò kà á sí orin kíkọ, àfi tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò pé orin kíkọ ni. James Jamerson ta àwọn béèsì tí gbogbo ayé ń fẹnu dún, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń san án, ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ ẹ̀ ò fi sí lára àwo.

Àpẹẹrẹ tó máa ń dun àwọn onígìtá jù: "Every Breath You Take" tí Police gbé jáde lọ́dún 1983, ohùn gìtá tó ń yí po nínú ẹ̀ yẹn, Andy Summers ló ta á. Lọ́dún 1997 Puff Daddy tó ń kọ rap gé gìtá yẹn lò nínú orin tiẹ̀, orin náà gbòde kan, àmọ́ Sting oníbéèsì nìkan ni orúkọ ẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ orin Police yẹn, nítorí náà òun ni owó òǹkọ̀wé orin lọ bá. Gìtá Summers làwọn èèyàn ń gbọ́ o, àpò Sting lowó ń wọ̀.

Tàwọn Smiths, ẹgbẹ́ ròókì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún wà. Morrissey àti Johnny Marr ló kọ orin, ìyẹn ò sí ìjà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gbígbà-sílẹ̀ àti ti ṣọ̀ (eré orí sitéèjì), ìdá 10% ni wọ́n ń fún onídúrọ́ọ̀mù àti oníbéèsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìwé kankan tí wọ́n jọ kọ. Mike Joyce onídúrọ́ọ̀mù gbé e lọ kóòtù, lọ́dún 1996 adájọ́ ní 25% ló tọ́ sí i. Andy Rourke oníbéèsì ti gba £83,000 tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 10% yẹn, ó ti fọwọ́ síwèé, kò lè padà wá bèèrè. Nínú ẹgbẹ́ kan náà, lórí orin kan náà.

Tèmi ò tó tiwọn, ó sì dùn mí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan nígbà kan, mo mú rífù kan wá sí rìhásà, níbi tá a ti ń dánra wò, orí ẹ̀ la kọ́ gbogbo orin náà lé, ẹni tó ń kọrin wá kọ ọ̀rọ̀ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò sọ nǹkan kan nípa ìpín, mo rò pé ọ̀rẹ́ ni wá, pé ó ti yé gbogbo wa. Nígbà tí orin yẹn wọ inú ìpolówó ọjà kan, orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí fọ́ọ̀mù, kì í sì í ṣe tèmi. Mi ò bá a jà, kì í ṣe olè, ó kàn jẹ́ pé òun ló kọ fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nítorí náà, ìwé ìpín. Abala kan ṣoṣo: orúkọ orin, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́, orúkọ gbogbo ẹni tó dá sí i, ìdá tó kan kálukú, kí àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 100%, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí orin náà bá parí ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, kó tó di pé owó dé, torí nígbà tí owó bá ti dé, gbogbo èèyàn ló máa rántí pé òun ló mú ègbè wá. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà pín in wà lọ́wọ́ yín. R.E.M. pín orin wọn dọ́gbadọ́gba láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì bèèrè ẹni tó mú kí ni wá, Mike Mills oníbéèsì wọn sì wà lára ẹ̀, wọ́n pẹ́ pa pọ̀. Àwọn míì ń fi 50% fún ọ̀rọ̀, 50% fún ohùn orin. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tó bá ń kọ orin nínú yàrá kan náà, ìdọ́gba ló dáa jù, ó máa ń jẹ́ kí èèyàn lè sọ pé "yọ ohun tí mo mú wá yẹn dànù, kò dáa" láì ronú owó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń kọ gbogbo ẹ̀ délé, má jẹ́ kí ojú tì ẹ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ orin gbowó lórílẹ̀-èdè ẹ. Ìgbà tí ilé ìtura, rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí ibi ìṣeré bá lo orin, àwọn ni wọ́n ń sanwó fún. Kì í ṣe nǹkan àná, SACEM ti ilẹ̀ Faransé ti wà láti 1851, ASCAP ti Amẹ́ríkà láti 1914, PRS ló wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Kọ orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìdá tó wà nínú ìwé ìpín yín, kì í ṣe orúkọ ẹ nìkan. Nọ́ńbà méjì tún wà tí wàá máa pàdé: ISWC ni ti orin tí wọ́n kọ, ISRC ni ti gbígbà-sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba orin kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ISRC á jẹ́ mẹ́ta, ISWC á jẹ́ ọ̀kan. Tí ìyẹn bá ti yé ẹ, ọ̀rọ̀ dúkìá méjì tí mo sọ lókè náà ti yé ẹ.

Tí pọ́blíṣà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó orin tí èèyàn kọ, bá gbé ìwé wá, lóyà tìẹ ni kó kà á, kì í ṣe lóyà màníjà, kì í ṣe lóyà ẹgbẹ́. Bèèrè ọdún mélòó, orin wo, ìgbà wo ni á padà sọ́wọ́ ẹ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin máa ń wà títí ayé ẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní kó o tà á pátápátá torí owó tó máa san gbèsè oṣù yìí, ohun tí àwọn ọmọ ọmọ ẹ máa jẹ ló fẹ́ rà.

Ṣọ̀ àti iṣẹ́ àgbàṣe

Kíákíá: tètè dé. Mọ orin náà kó o tó wá. Má máa dán okùn wò nígbà tí ẹnjiníà tó ń rí sí ohùn ń bá dúrọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń pe oníbéèsì wá ṣiṣẹ́ kì í pe ẹni tó yára jù, ẹni tí wọn ò ní máa wá kiri ni wọ́n ń pè. Iṣẹ́ àgbàṣe dáa, ó ń sanwó ilé, mo ṣì ń ṣe é, àmọ́ bèèrè kó o tó wọlé bóyá béèsì ni wọ́n fẹ́ kó o ta ni àbí wọ́n fẹ́ kó o bá wọn wá ohun tí orin náà máa jẹ́, torí èyí kejì ní ìdá nínú.

Etí ẹ. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé 85 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ni etí lè gbà fún wákàtí mẹ́jọ, tó bá fi 3 dB lé sí i, àkókò náà á dín sí ìdajì. Ṣe ìṣirò ẹ̀ dé 100 dB, ìṣẹ́jú 15 ló kù, rìhásà yín sì lè ju ìyẹn lọ. Ra ìdí-etí àwọn olórin, èyí tó ń dín ohùn kù lápapọ̀ tí kì í bo òkè nìkan, kó o máa lò ó ní rìhásà pàápàá, ibẹ̀ lo ti ń lo wákàtí tó pọ̀ jù.

Ohun tó wà nínú àpò béèsì mi báyìí: wáyà méjì, sẹ́ẹ̀tì okùn kan tó pé, bátìrì 9V torí béèsì mi ń lo bátìrì ó sì máa ń kú láàárín orin, ìdí-etí, píkì mẹ́rin, àti fáìlì kan tí ìwé ìpín tí mi ò tíì kọ nǹkan sí wà nínú ẹ̀, ogún abala, pẹ̀lú bírò tí mo so mọ́ ọn torí àwọn onígìtá kì í dá bírò padà.